Ìyá Àgbà Tìmótíù, àti Àwọn Ènìyàn Wa

Kíkà: 2 Tìmótíù 1:3-5, Máàkù 5:18-20

Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bí sínú ilé Kristẹni a máa wí pé àwọn kò ní ẹ̀rí láti jẹ́ fún ọ̀rẹ́ wọn. Wọn a ní inú ìjọ ni a bí àwọn sí, kò sì sí ọ̀fìn kan tí a fà wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo Tìmótíù. Kí ó tó pàṣẹ ohunkóhun fún un, ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dárúkọ obìnrin méjì, Lóìsì àti Yúníìsì. (Gíríìkì ni baba ọmọ náà, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:1, a kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìgbàgbọ́ tirẹ̀.) Orúkọ tí a fi pe Lóìsì ní èdè Gíríìkì kò sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Titun, kò sì sọ bóyá ìyá ìyá ni tàbí ìyá baba, "ìyá àgbà" ti àwa bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe inú ẹsẹ náà ni ó ṣe pàtàkì jù: ìgbàgbọ́ yìí gbé inú Lóìsì, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í gbé inú ilé. Ogún lè dé bá ọmọ tí ó sùn. Ìgbàgbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni Pọ́ọ̀lù ṣe fi kún un pé ó dá òun lójú pé ó wà nínú Tìmótíù pẹ̀lú.

Ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí àìmọ́ kúrò lára rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ará Gérásà fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n Jésù rán an lọ sí ilé. Sọ́dọ̀ ta ni? Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Ohun tí Gíríìkì wí kò ju "àwọn tìrẹ" lọ. Bí a bá kọ "ẹbí", a ti ti ọ̀rẹ́ síta. Bí a bá kọ "ọ̀rẹ́", a ti ti ìyá síta. Ní tèmi, "àwọn ènìyàn rẹ" ni ó yẹ, nítorí ìbátan, ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ni Yorùbá ń fi í pè lápapọ̀. Ohun tí yóò sì sọ fún wọn ni oore tí Olúwa ṣe fún un àti àánú tí ó rí gbà. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọwọ́ rí àánú gbà pẹ̀lú. Ẹ̀rí tirẹ̀ nìyẹn.

Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, aṣáájú àwa olùtumọ̀, kò ní Lóìsì. A kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Sàró ni ó ti gba ìrìbọmi ní 1825. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ìyá náà gba ìrìbọmi, a sì pè é ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Ìwé Mímọ́. Ìwé Róòmù tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀ kò tíì jáde nígbà náà; ó di 1850.