Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Jíjọ̀wọ́ Ẹṣin Tí A Fẹ́ràn

Bíbélì kíkà: Deuteronomi 17:14-20, 2 Àwọn Ọba 23:4-11, Máàkù 11:1-7
Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 20:7
Kókó ẹ̀kọ́: Kí a fẹ́ràn ohun kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a ṣe dì í mú, àti bí a ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó, ni Olúwa ń wò.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé a mú ẹ̀kọ́ nípa ẹṣin wá sí Etikan, níbi tí omi yí wa ká, tí ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lóòótọ́, ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti omi iyọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹṣin pọ̀ nínú Bíbélì, ó wà nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà nínú ìtàn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Yàtọ̀ sí èyí, ẹṣin kékeré alámọ̀ tàbí onídẹ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ wa, èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí. A ó rí i pé ilé wa gan-an ló ń bá wí.

1. ÒFIN OLÚWA FÚN ỌBA

Nínú Deuteronomi, Ọlọ́run kìlọ̀ fún ọba Ísírẹ́lì pé kò gbọdọ̀ kó ẹṣin jọ fún ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá àwọn ènìyàn padà sí Íjíbítì nítorí ẹṣin. Kí ló burú nínú ẹṣin? Kò sí. Ọlọ́run ló dá a. Ohun tí Olúwa ń ṣọ́ ni ọkàn ọba. Ẹni tí ilé ẹran rẹ̀ kún fún ẹṣin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun kò nílò Ọlọ́run mọ́, yóò sì padà lọ tọrọ lọ́wọ́ ilé ẹrú tí a ti gbà á kúrò.

Sólómọ́nì kò gbọ́. Ìwé 1 Àwọn Ọba 10:26-29 sọ fún wa pé ó ní 1,400 kẹ̀kẹ́ ogun àti 12,000 ẹlẹ́ṣin, àti pé 150 owó fàdákà ni a ń san lórí ẹṣin kan láti Íjíbítì. Ẹ ṣí orí kọkànlá tó tẹ̀lé e, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà kúrò lọ́dọ̀ Olúwa.

2. Ẹ̀RÍ LÁTI ILẸ̀ WA

Àwọn baba wa náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti òkè ọ̀hún ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá, nítorí pé irú eṣinṣin kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran máa ń kó àrùn ran ẹṣin ní ilẹ̀ igbó, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Bí a ti ń rà ni wọ́n ń kú, tí a tún ń rà. Nígbà tí Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ọ̀nà ẹṣin dí. Ní nǹkan bí 1830 sí 1840, olú ìlú àtijọ́ náà di ahoro. Ní nǹkan bí 1840 ní Òṣogbo, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ní ń bọ̀. Ẹṣin dára láti gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ẹ̀mí ẹni lé lọ́wọ́.

3. JÒSÁYÀ ÀTI ẸṢIN OÒRÙN

Nígbà tí ọba Jòsáyà ń tún ilé Olúwa ṣe, ó bá ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, èyí tí àwọn ọba Júdà ti yà sọ́tọ̀ fún oòrùn, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oòrùn. Ẹ ka ẹsẹ 11 dáadáa. Ó mú àwọn ẹṣin kúrò, ó sì sun àwọn kẹ̀kẹ́ ní iná. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún ẹṣin yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a lò fún kẹ̀kẹ́, Bíbélì kò sì sọ pé ó sun ẹṣin.

Ẹṣin kékeré náà wà nígbà yẹn. Obìnrin kan, Kathleen Kenyon, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, wa ilẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù láàrin 1961 sí 1967. Lára ohun tí ó rí ni àwọn ẹṣin kékeré tí a fi amọ̀ mọ, àwọn kan sì ní ohun róbótó láàrin etí wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan so wọ́n mọ́ ẹṣin oòrùn tí Jòsáyà mú kúrò, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, a mọ̀ pé àwọn ará Júdà fi ẹṣin amọ̀ sínú ilé wọn.

Ǹjẹ́ gbogbo ère ẹṣin ni a gbọdọ̀ sun? Rárá o. Ohun tí a ń sìn ni Jòsáyà mú kúrò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó ẹlẹ́ṣin fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, iṣẹ́ ọwọ́ tó gbayì ni. Ọ̀kan nínú òpó rẹ̀ wà nílé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York lónìí, àwọn ọmọ wa sì ní láti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà kí wọ́n tó lè fojú kàn án. Nítorí náà, kí a má fi ìtara ju iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa nù láìbéèrè. Kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé: ṣé ère yìí ni mo ń sìn, àbí mo kàn fẹ́ràn rẹ̀?

4. WESLEY ÀTI ẸṢIN RẸ̀

Baba wa John Wesley lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ẹṣin. A máa ń ṣírò ìrìn rẹ̀ sí nǹkan bí 250,000 máìlì. Ó máa ń tú ìjánu sílẹ̀ kí ẹṣin rọra máa lọ, kí òun lè ráyè ka ìwé. Ó pàṣẹ fún àwọn oníwàásù rẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú ẹran tí ń gbé wọn, kí wọ́n fúnra wọn rí i pé ó jẹun, ó sì rí ibi sùn. Ní 1781 ó kọ ìwàásù kan lórí Róòmù 8:19-22, níbi tó ti sọ ìrètí rẹ̀ pé àwọn ẹranko pàápàá yóò ní ìpín nínú ìdáǹdè tí Ọlọ́run ṣèlérí. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ó fi gàárì sílẹ̀, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ó fẹ́ràn ẹṣin, ṣùgbọ́n ìhìnrere ni ó ń gbé kiri. Nígbà tí ọ̀nà ìrìn rẹ̀ yí padà, iṣẹ́ náà kò dúró.

5. BÍ A ṢE Ń JỌ̀WỌ́

(a) Ohun abẹ̀mí. Ìwé Òwe 12:10 kọ́ wa pé olódodo a máa kíyè sí ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹṣin ni ará wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń tọ́jú nítorí Ojúde Ọba, tàbí ewúrẹ́ àti ajá ni tiwa níhìn-ín, kí a má tà á fún ẹni tó kàn mú owó dání. Kí a wádìí ilé tó ń lọ. Kí a sọ oúnjẹ rẹ̀ àti àìsàn tó ti ṣe é rí fún ẹni tó gbà á. Bí ó bá sì dùn wá, kí a sunkún. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

(b) Ohun aláìlẹ́mìí. Omi òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò tí a dá sílẹ̀ ní 1947, ní etí òkun Ìlàjẹ wa yìí kan náà. Ẹni tí omi ń lé kò lè gbé gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sàn kí a fi ẹṣin onídẹ náà lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí a ṣì lè sọ ìtàn rẹ̀ fún un, ju kí omi gbà á lọ́wọ́ wa lọ.

(d) Ẹṣin ti wa níhìn-ín. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ni. Opó kan lè wà láàrin wa tí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì baálé rẹ̀ ṣì wà ní èbúté, tí òjò ń pa á, tí oòrùn ń là á, nítorí pé kò fẹ́ kí ọwọ́ mìíràn di ibi tí ọwọ́ olóògbé dì mú. Ìyá wa, a kò bá ọ wí, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n igi tí ń jẹrà kò pa ìrántí mọ́. Nínú Máàkù 11, wọ́n bi àwọn ọmọ-ẹ̀yìn pé kí ló dé tí wọ́n ń tú ẹran náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Olúwa ní í lò, wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Bí ọmọ ẹbí kan bá wà tí kò ní ọkọ̀, tí yóò ṣiṣẹ́, tí yóò sì máa mú ẹja wálé fún ìwọ àti àwọn ọmọ, bóyá Olúwa ní í lò ó. Kí a ṣe àdéhùn náà lójú ẹbí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a má baà rẹ́ opó jẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí a fẹ́ràn ohun kan àti kí a gbẹ́kẹ̀ lé e?
2. Kí ni ohun tí ó ṣòro jù fún ọ láti jọ̀wọ́? Ta ni yóò jàǹfààní bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè dúró ti opó tó ń pín ẹrù olóògbé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi agbára mú un?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí o fi sí ìkáwọ́ wa láti fẹ́ràn. Fi àánú kún ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń dì í mú. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti tú ọwọ́, má ṣe jẹ́ kí ìgbàgbọ́ wa bá a lọ. Tu àwọn opó wa nínú, kí o sì ṣọ́ ilé wa lọ́wọ́ omi. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.