Atọ́kùn tàbí Eégún? Bí A Ti Ń Rántí Àwọn Tí Ń Darí Ìdíje Lórí Amóhùnmáwòrán

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní sáà tí ó kọjá, kò sì tíì tán nínú mi. A ń jíròrò lórí bí èdè Yorùbá ti ń fún ohun tuntun lórúkọ ni ọ̀kan nínú wa bá dìde. Ó ní àṣìlò pátápátá ni bí a ti ń pe ẹni tí ó ń darí ètò lórí rédíò àti amóhùnmáwòrán ní atọ́kùn. Ó ní eégún ni ó ni atọ́kùn. Bí eégún bá sì jó tán, eégún ni ará ìlú ń ròyìn. Ta ni í béèrè atọ́kùn? Ṣùgbọ́n lórí amóhùnmáwòrán, ẹni tí ó ń darí ètò gan-an ni gbogbo ayé ń rántí. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èsì mi ni mo kọ síbí yìí.

Ètò ìdíje onífẹ̀bùn ni mo mú, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ti lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láti 2004 títí di 2017 ni Frank Edoho fi darí Who Wants to Be a Millionaire ní Nàìjíríà, ó sì tún padà sídìí rẹ̀ nígbà tí ètò náà jí dìde ní 2022. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà ní Òṣogbo kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ kì í fẹ́ kí ètò náà fo òun. Bí Edoho bá ti béèrè bóyá ìdáhùn ìkẹyìn nìyẹn, tí ó wá dákẹ́, tí ó tẹjú mọ́ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Ọkùnrin yìí ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ti ṣì í." Nígbà mìíràn ó máa ń tọ̀nà, nígbà mìíràn Edoho ti fi ojú tàn án jẹ. Ní 2009, ẹnì kan gba mílíọ̀nù 10 náírà, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ. Mo bi àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ ẹni náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ Edoho kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹlẹgbẹ́ mi borí nìyẹn? Rárá o. Ẹ wo Ìbàdàn. Lọ́dọọdún ni Alápáńsánpá ń jáde, lọ́dọọdún ni Olóòlù ń jáde. (Awo ni ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, n kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Orúkọ eégún kò yí padà, atọ́kùn ni ó lè yí padà. Lórí amóhùnmáwòrán, ìdàkejì rẹ̀ ni: ẹni tí ó wá díje wá lónìí, kò sí níbẹ̀ lọ́la, atọ́kùn ni a ń bá níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ẹni tí ó bá ń padà wá ni ojú ń mọ̀. Iṣẹ́ atọ́kùn kò yí padà nítorí èyí. Ó mọ ọ̀nà tí ẹni tí ó ń tọ́ kò rí dáadáa, ó sì dúró láàárín onítọ̀hún àti èrò ìwòran.

Pé atọ́kùn mọ ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Monty Hall, ọmọ Winnipeg ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ Let's Make a Deal ní Amẹ́ríkà ní 1963, ó kú ní 2017. Inú ìwé ìṣirò ni orúkọ rẹ̀ wà báyìí, nítorí àdììtú kan. Ìlẹ̀kùn 3 wà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn ọ̀kan, ewúrẹ́ wà lẹ́yìn méjì yòókù. O mú ìlẹ̀kùn kan. Atọ́kùn, tí ó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ṣí ọ̀kan nínú méjì tí ó kù, ewúrẹ́ yọjú. Ó wá bi ọ́ bóyá o fẹ́ pààrọ̀ ìlẹ̀kùn rẹ. Steve Selvin ni ó fi orúkọ Hall pe àdììtú náà ní 1975. Ní 1990, Marilyn vos Savant kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Parade pé kí ènìyàn pààrọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ yóò rí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ni wọ́n fi ta kò ó, àwọn olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì wà lára wọn. Òun ni ó sì tọ̀nà. Èmi náà kò gbà á, àfi ìgbà tí mo fi káàdì mẹ́ta dán an wò títí ó fi sú mi.

Ṣùgbọ́n bí atọ́kùn kò bá mọ ibi tí ọkọ̀ wà, tí ó kàn ṣèèṣì ṣí ìlẹ̀kùn ewúrẹ́, ìṣirò náà wó: pípààrọ̀ àti àìpààrọ̀ di ọgbọọgba. Ní 1991, akọ̀ròyìn The New York Times kan lọ bá Hall nílé, Hall sì fi han òun náà. Bí akọ̀ròyìn bá mú ewúrẹ́, Hall á ṣí i lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá mú ọkọ̀ nìkan ni Hall ń jẹ́ kí ó pààrọ̀. Gbogbo ìgbà tí ó pààrọ̀ ni ó pàdánù. Ọwọ́ atọ́kùn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Alex Trebek, ọmọ Sudbury, ní Kánádà náà. (Kí ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ Kánádà jẹ?) Ó bẹ̀rẹ̀ sí darí Jeopardy! ní 1984. Àlọ́ àpamọ̀ tí a dojú rẹ̀ kodò ni ètò náà: wọn á fún ọ ní ìdáhùn, ìwọ ni o ó wá ìbéèrè rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2019, Trebek kéde pé jẹjẹrẹ ń ṣe òun. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ èyí tí ó kẹ́yìn lo àyè ìdáhùn rẹ̀ láti kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ràn Alex, ó sì kọ ọ́ ní ìbéèrè, gẹ́gẹ́ bí òfin ètò náà ti wí. Trebek kà á síta, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ìfẹ́ náà ná ọmọ yìí fún un: dọ́là 1,995, ó ku dọ́là 5 sí i lọ́wọ́. Atọ́kùn kò tìtorí ẹkún ju pàṣán sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2020 ni ó ṣe iṣẹ́ náà kẹ́yìn. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá.

Ẹni tí ó jókòó sípò rẹ̀ lónìí ni Ken Jennings. Olùdíje ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ní 2004, ó borí ní ìgbà 74 léra léra níwájú Trebek, tí àwọn ènìyàn fi mọ ojú àti orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti mọ ti ẹni tí ń bi í ní ìbéèrè. Bí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi bá tún pàdé ní kíláàsì, kí ó sọ fún mi èyí tí a ó pe Jennings.