Géèmù Tí Ń Kólòlò

Nínú gbogbo àléébù ara kọ̀ǹpútà, bóyá ni èyí tí ó ń bí ọmọ ilé-ìwé nínú tó ìkólòlò géèmù. Eré yóò máa lọ geere, bọ́ọ̀lù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àwọ̀n, lójijì gbogbo àwòrán a dúró gbagidi bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ há akólòlò lẹ́nu. Kí a tó ṣẹ́jú, eré a tún máa lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí ẹsẹ̀ alátakò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọn a kọjá afárá lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà láti ra káàdì ìyàwòrán tuntun. Owó kékeré kọ́. Ìgbà mìíràn wọn a ná owó náà tán, géèmù a sì tún máa kólòlò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí àìsàn yìí jẹ́ kí a tó máa wá oògùn rẹ̀ kiri.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí àwòrán tí ń rìn, ní Gbọ̀ngàn Glover ní Erékùṣù Èkó. Àwòrán náà kò rìn ní tòótọ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró jẹ́ẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn kánkán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi so wọ́n pọ̀. Nígbà tí fíìmù olóhùn dé, a fi àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Gbogbo àwòrán fíìmù ti wà lórí róòlù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ti géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá o óò yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá tẹ bọ́tìnnì ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán tí ó kàn. Bí a bá ń fẹ́ 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a sì pín ìṣẹ́jú-àáyá náà sí ọ̀nà 1,000, ìpín 16 àti díẹ̀ péré ni ó kan àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a máa ka iye àwòrán nìkan. Ẹni tí ó bá ti jókòó gbọ́ orin ní gbọ̀ngàn MUSON ní Oníkàn, tàbí tí ó ti jó sí dùndún níbi ìnáwó, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Bí onígúdúgúdú bá ní láti lu ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sáré lu 40 ní ìdajì àkọ́kọ́, tí ó sì fi 20 yòókù sí ìdajì kejì, iye náà pé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó ti dàrú. Bákan náà ni géèmù. Bí àwòrán 59 bá gba ìpín 14 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì gba ìpín 174, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,000 géérégé. Kọ̀ǹpútà yóò sọ pé òun ya 60, kò sì purọ́. Síbẹ̀ ojú ti rí ìdádúró náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Scott Wasson, akọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kọ àlàyé gígùn lórí ọ̀ràn yìí nínú The Tech Report. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí a máa wo àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan gbà.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ MSI Afterburner tí ó lè fi ìlà àkókò náà hàn lójú kọ̀ǹpútà bí o ti ń ṣeré. Bí ìlà náà bá tẹ́jú bí ọ̀sà ní òwúrọ̀, ara géèmù dá. Bí ó bá ń hu ẹ̀gún, ìkólòlò wà níbẹ̀. Ó wá kù kí a mọ ẹni tí ń dá àwọn yòókù dúró. Iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà dàbí ilé kíkọ́: bíríkìlà kò lè mọ ògiri bí ẹni tí ń po sìmẹ́ǹtì kò bá gbé e dé, bí a tilẹ̀ lọ pe bíríkìlà tí ó gbówó lórí jù lọ wá. Káàdì ìyàwòrán ni bíríkìlà. Prọ́sẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni ó ń gbé iṣẹ́ fún un. Láti dán wọn wò, lọ sí ètò géèmù, kí o dín ìtóbi àwòrán kù láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720. Bí ẹ̀gún bá pòórá, káàdì ni iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Bí wọ́n bá wà síbẹ̀, má tíì lọ sí Ìkẹjà.

Ní Èkó, ooru ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Àwọn ilé Ìsàlẹ̀ Èkó fara mọ́ ara wọn, atẹ́gùn kì í sì í rọrùn láti wọ yàrá. Bí prọ́sẹ́sọ̀ bá gbóná kọjá ààlà, yóò dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Àmì rẹ̀ ni pé géèmù yóò lọ dáradára fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìkólòlò tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá pa á títí ara rẹ̀ fi tutù, yóò tún dára. Má ṣe gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí, nítorí abẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mí. Ní àkókò ọyẹ́ eruku a máa dí ihò fáànù. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó láti gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà.

Bátìrì náà ńkọ́? Nígbà tí iná bá lọ, láptọ́ọ̀pù kì í kú, nítorí náà ẹni tí ń ṣeré lè má kíyè sí i pé ohunkóhun yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti mọ̀, ó sì ti dín agbára ara rẹ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́. Bí iná bá dé tí ìkólòlò sì lọ, má wá ẹlẹ́bi mìíràn mọ́.

Àwọn géèmù tuntun kan wà tí ń kólòlò kìkì nígbà àkọ́kọ́ tí o bá dé ibì kan, nítorí pé kọ̀ǹpútà ń túmọ̀ ìlànà ìyàwòrán ibẹ̀ sí èdè tí káàdì gbọ́. Sùúrù ni oògùn ìyẹn. Bí RAM bá sì kéré, kọ̀ǹpútà a máa lọ mú nǹkan lára háàdì dísìkì, a sì máa dúró dè é.

Má da ọ̀ràn íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìdákúrekú ní Nàìjíríà. Ẹni tí ń bá ará òkèèrè ṣeré ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè rí alátakò rẹ̀ tí ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, síbẹ̀ kí ìlà àkókò àwòrán tirẹ̀ tẹ́jú.

Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe, ẹyọ kan ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì tún ṣeré ní ibì kan náà. Ẹni tí ó yí nǹkan márùn-ún padà lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tí ó ṣe é lóore. Bí ẹ̀rọ rẹ kò bá sì lè dé 60, ronú dáradára. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ń sọ ara rẹ̀ di tuntun ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ya 40, àwòrán kan yóò wà lójú fún ìgbà kan, òmíràn fún ìgbà méjì, eré yóò sì máa ṣe ségesège. Bí o bá fi ààlà sí i ní 30, ìgbà méjì méjì ni ti gbogbo wọn. Mo gbà pé 30 kò dùn bí 60, ṣùgbọ́n ó sàn ju 40 tí ń kọsẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ géèmù ni ó ní ibi tí a ti ń fi ààlà yìí sí, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀.