Oníjó, Kúrò Lágbàlá Ilé

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kọrin, tó ń lùlù, tàbí tó ń jó ní ìlú Kambolé ní Tógò ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀, nítorí oko bàbá rẹ ti dùn mọ́ ọ jù. Bí o bá dá orin lóde ìgbéyàwó, àwọn èèyàn ti gbà á lẹ́nu rẹ kí o tó dé ìdajì. O ki ẹnì kan, gbogbo agboolé wọn dìde. O pa òwe kan láàbọ̀, àgbà kan ti bá ọ parí rẹ̀. O rò pé ohùn rẹ ló ń ṣe gbogbo èyí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ará ilé ló gbé ọ pọ̀n tí o rò pé ò ń rìn.

Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, jáde nílé: ìlú Tchamba kò jìnnà. Abẹ́ rẹ̀ ni ìjọba Tógò fi Kambolé sí, síbẹ̀ èdè Akasélém ni àwọn ará Tchamba ń sọ, kò sì sún mọ́ èdè yín, tó jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá, rárá. Bí o bá tún forí lé ìwọ̀ oòrùn dé Sokodé, èdè Tem ti àwọn Kotokoli ni wàá bá níbẹ̀. Oríkì tó ń pa ìyá àgbà lẹ́kún nílé yóò kàn gba etí wọn kọjá ni. Ìlú tó ń ṣe ọdún Adossa, tí àwọn ọkùnrin ń fi ọ̀bẹ ṣá ara wọn níta gbangba, kò sì ní í yanu sí ọ nítorí pé o tàkìtì lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ ni ohùn, ẹsẹ̀, ojú, àti mímọ ìgbà tó yẹ kí o dákẹ́.

Àyà á já ọ. Ó já àwọn tó jù ọ́ lọ. Hubert Ògúǹdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ lọ́dún 1945, ti gbayì nílé ní Nàìjíríà kí ó tó kó eré King Solomon lọ sí Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, lọ́dún 1948. Eré náà kò wọ àwọn ará ibẹ̀ lára. Ó padà wálé pẹ̀lú àdánù. Kò sọ pé wọn kò mọ eré í wò. Ó ronú sí ohun tí ojú wọn ti mọ́, ó ṣe eré mìíràn, Swing the Jazz, ó sì tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èrò wá. Ìpadàlọ yẹn ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń yẹ̀.

Àwọn kan rò pé kíkúrò nílé ni kéèyàn ju èdè rẹ̀ nù, kó máa fi Faransé kọ orin tí wọ́n ń kọ ní Lomé. Èmi kò gbà. Nígbà tí wọ́n kọ ìlù tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré Yorùbá, kó wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kò ju ìlù nù. Lọ́dún 1964, ó gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin ní Jámánì, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì yẹ́ ẹ sí.

Bí o bá ń lọ sí Tchamba nígbà àkọ́kọ́, má gbé ìlù lọ. Kọ́ ìkíni wọn, jókòó, kí o wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn oníjó wọn ń bọ́ sí. Nígbà kejì, bẹ àwọn onílù wọn kí wọ́n fún ọ ní ìlù tó kéré jù lọ láàárín wọn. Yóò dun ẹni tó jẹ́ ìyá ìlù ló ń lù nílé, ṣùgbọ́n gbà á. Ẹ̀yìn náà ni kí o tó kọ orin tìrẹ, ẹyọ kan péré, kó má gùn. Ibi tí ojú wọn ti kúrò lára rẹ, fi sọ́kàn. Bi àgbà onílù kan níbẹ̀ léèrè ohun tí kò dára tó, má bi ọ̀rẹ́ tó tẹ̀lé ọ wá. Tún un ṣe, kí o sì padà lọ, kí o tó wá ronú kan Sokodé.

Bí o bá padà dé Kambolé, má ròyìn ìrìn-àjò. Kọ orin àtijọ́ tí gbogbo wọn mọ̀, ṣùgbọ́n dákẹ́ díẹ̀ kí o tó gbé e, bí o ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbédè rẹ, kí o sì wo ojú àwọn ìyá tó jókòó níwájú.