Ẹ̀KỌ́: OWÓ KÉSÁRÌ ÀTI OHUN TÍ WỌ́N KỌ SÍ I LÁRA

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Mátíù 22, ẹsẹ 15 sí 22.

Owó idẹ ni Bíbélì wa pè é, ṣùgbọ́n fàdákà ni. Denarius ni àwọn ará Róòmù ń pè é. Kò wúwo tó gíráàmù 4, òun sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ àwọn alágbàṣe inú Mátíù 20. Tìbéríù ló jọba láti ọdún 14 sí 37, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé owó tirẹ̀ ni wọ́n mú wá. Orí rẹ̀ wà lójú kan, ó dé adé ewé. Wọ́n kọ ọ́ yí i ká pé ọmọ Augustu ni, Augustu inú Lúùkù 2, tí wọ́n ti sọ di òrìṣà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lójú kejì, obìnrin kan jókòó, ó mú ọ̀pá àṣẹ àti ẹ̀ka igi dání. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Tìbéríù ni olórí àlùfáà.

Ẹ ò rí nǹkan! Inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n wà o. Jésù ní láti béèrè owó náà. Àwọn tó ń dán an wò ló mú un wá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó fi béèrè nípa àwòrán yẹn, òun náà ló wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 1 ti èdè Gíríìkì, níbi tí Ọlọ́run ti dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀.

Àwa náà ti ná irú owó bẹ́ẹ̀. Lára ṣílè fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1913, orí Ọba George Karùn-ún wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Èdè Látìn, èdè Késárì, ni wọ́n fi kọ oyè rẹ̀, títí kan “IMP”, oyè àwọn ọba Róòmù gan-an. Ẹ̀yin àgbà á rántí kọ́bọ̀ oníhò: òun kò ní orí ọba, ihò ló wà láàárín. Ní ti owó orí tí wọ́n fi dẹkùn fún Jésù, ẹ bi àwọn Ẹ̀gbá. Ó wà lára ohun tó fa Ogun Àdùbí ní 1918.

Fàdákà ọ̀hún kò pẹ́. Nígbà tí fàdákà wọ́n, ní 1920, idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi rọ ṣílè wa, ó wá di owó idẹ lóòótọ́. Ní Róòmù pẹ̀lú, Nérò ti ń bu fàdákà kù láti nǹkan bí ọdún 64. Nígbà tó máa fi di 270, bàbà tí wọ́n fi fàdákà díẹ̀ pa lára ni wọ́n ń ná. Orí ọba ṣì wà lára rẹ̀.