Káàdì Kí Àìsàn Tó Dé

Bí ibà bá mú ọmọ lóru ní ìlú Awo, jíjìn ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ló ń dá ìtọ́jú dúró. Wọn ò tíì gba káàdì, owó ò tíì pé, ẹni tó máa pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ibà bá mú gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú kí wákàtí 24 tó pé. Ìgbà tí ara gbogbo ilé dá ṣáṣá ló yẹ kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni a ti rí àǹfààní rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1957, Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù: wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń tọ́jú èyí tó ń ṣàìsàn. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n náà sí sínú ọ̀rá nílé. Bí ìlà ìwọ̀n ọmọ tó yẹ kó máa gòkè bá dúró sójú kan, nọ́ọ̀sì á ti rí i kí ìyá tó lanu. Ikú ọmọdé dínkù níbẹ̀, káàdì náà sì tàn káyé.

Ẹlòmíì á ní kò sí dókítà lálábọ́dé, kẹ́mísì sì wà ní ìtòsí. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ lè gún ọmọ níka, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Oògùn tí a kàn rà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò lè má bá àìsàn náà mu rárá. Ti owó ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó nira. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, Ọ̀ṣun náà sì ní tirẹ̀. Òfin ọdún 2014 sì ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bóyá agboolé yín wà lára àwọn tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ wọn. Bí oògùn bá tán tàbí tí èrò pọ̀ jù, ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù yín. Ẹ fi ẹnu kò nínú ilé lónìí pé bí gìrì bá mú ọmọ, tí kò bá lè mu ọmú, tàbí tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ, ẹni tó bá wà nítòsí ni kó gbé e lọ, láìdúró de baálé. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọlọ́kadà tó máa ń ṣiṣẹ́ lóru sẹ́yìn káàdì yín.