Ẹlẹ́rìí Onímọ̀ Nílé Ẹjọ́

Oríṣi ẹlẹ́rìí méjì ni ó máa ń dúró níwájú adájọ́. Èkíní ni ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀. Ohun tí ó rí àti èyí tí ó gbọ́ nìkan ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni onímọ̀: dókítà, ẹni tí ó lè fi ìwé wé ìwé kí ó sì mọ ọwọ́ tí ó kọ ọ́, tàbí àgbà tí ó mọ àṣà ìlú. Ọ̀ràn kò ṣojú onímọ̀, síbẹ̀ òfin ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 68, gbà á láàyè láti sọ èrò rẹ̀, nítorí adájọ́ kò lè mọ gbogbo iṣẹ́ tí ó wà láyé.

Ẹrù onímọ̀ yìí wúwo. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣẹjọ́ ni ó pè é, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe agbẹjọ́rò onítọ̀hún. Ilé ẹjọ́ ni ó ń sìn. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, kò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́, ìbáà ṣe èyí tí yóò pa ẹni tí ó pè é lára.

Ẹjọ́ Sally Clark ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì kú ní ìkókó, èkíní ní 1996, èkejì ní 1998. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé òun ni ó pa wọ́n. Ní 1999, Roy Meadow, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìwòsàn ọmọdé, jẹ́rìí pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọmọ kan nínú 8,543 ni ikú òjijì ń pa. Ó fi 8,543 ṣe ìlọ́po 8,543, ó sì ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mílíọ̀nù 73 ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ méjì. Kò ro ó pé ọmọ ìyá ni wọ́n, àti pé ohun kan náà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé lè pa àwọn méjèèjì. Dókítà ni, ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Ní 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ náà kéde pé ìṣirò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé àyẹ̀wò ti fi kòkòrò àrùn hàn nínú ara ọmọ kejì, ṣùgbọ́n dókítà tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò kò mú un wá sí gbangba. Ní 2003 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá obìnrin náà sílẹ̀. Ó kú ní 2007, ní ọmọ ọdún 42.

Ẹnìkan sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Ẹnìkejì kò sọ tó ohun tí ó mọ̀. Aláìṣẹ̀ ni ó jìyà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Onímọ̀ tí ó bá lè wí nílé ẹjọ́ pé, “Èmi kò mọ èyí,” kò dójú ti ara rẹ̀ rárá. Ó gba adájọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe.